Bí ebè ò bá lanu: kíkó ilẹ̀ sí ìdí ọ̀dùnkún lẹ́yìnkùlé

Tí òjò bá ti dá fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ní Kétu, nílẹ̀ Benin níbí, ẹ lọ wo ebè ọ̀dùnkún tó ti pé oṣù méjì ààbọ̀. Orí rẹ̀ á ti là bíi gìgísẹ̀ ẹni tí ọyẹ́ mú. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dùn tí wọ́n bá rí i, wọ́n á ní ọmọ ti ń tóbi nísàlẹ̀. Òótọ́ ni, ọmọ tó ń sanra ló ti ilẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ ibẹ̀. Ibi tí ebè ti lanu yẹn gan-an ni kòkòrò dúdú kékeré tó ń lu ọ̀dùnkún ń gbà wọlé. Ẹ ó wa ọ̀dùnkún tó dára lójú, ẹ ó fi ọ̀bẹ là á, ihò ló máa kún inú rẹ̀, á sì korò débi tí ewúrẹ́ pàápàá kò ní fẹ́ jẹ ẹ́. Ọkọ́ kan àti ọwọ́ yín méjèèjì tó láti dá a dúró, tí ẹ bá mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ kó ilẹ̀ sí ìdí rẹ̀ àti bí ẹ ó ṣe kó o.

Àṣìṣe kan wà tó ń tàn kálẹ̀ báyìí. Àwọn ènìyàn ń wo fídíò lórí fóònù, wọ́n ń rí bí àwọn ará Yúróòpù ṣe ń kó ilẹ̀ bo ọ̀dùnkún òyìnbó dé ọrùn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní pomme de terre lọ́jà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Wọ́n á wá bọ́ sẹ́yìnkùlé, wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún ọ̀dùnkún tiwa. Iṣẹ́ ọkọ́ kan náà ni lójú, àmọ́ ohun tí à ń wá nínú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Ọ̀dùnkún òyìnbó jẹ́ ìbátan tòmátì, ata àti ikàn. Ọmọ tí à ń jẹ lára rẹ̀ kì í ṣe gbòǹgbò. Igi rẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀ ló ń yọ ẹ̀ka funfun tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, orí ẹ̀ka wọ̀nyí ló ń wú tó ń di ọmọ. Nítorí náà ó nílò ilẹ̀ lára igi, kí ẹ̀ka náà lè rí òkùnkùn gbé. Ọ̀dùnkún tiwa, tí àwọn kan ń pè ní ànàmọ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní kúkúǹdùkú, gbòǹgbò rẹ̀ gan-an ló ń sanra. Gbòǹgbò náà ń jáde láti oríkèé tí ẹ ti rì mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbìn ín, àti pé láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹjọ, ìtàkùn náà ti yan èyí tó máa di ọmọ nínú wọn. Tí ẹ bá wá kó ilẹ̀ gègèrè bo ìtàkùn lẹ́yìn ìgbà yẹn, oríkèé tuntun tí ilẹ̀ bò á yọ gbòǹgbò tiwọn. Ọmọ wẹ́wẹ́ bí ìka ọwọ́ ni wọ́n ń bí, wọ́n á sì máa bá àwọn ńlá pín oúnjẹ. Ẹ ò rí ju tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ kàn pín in wẹ́wẹ́ ni.

Ohun tí à ń kó ilẹ̀ sí ìdí ọ̀dùnkún tiwa fún ni kí ebè má lanu, kí òjò má ṣí ọmọ síta, kí ilẹ̀ rọ̀ yí gbòǹgbò ká, kí koríko sì kú kí ìtàkùn tó bo ilẹ̀.

Ebè ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, torí ebè tí a kọ kéré látìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó máa sáré tẹ̀lé e títí dọjọ́ tí ẹ ó wa á. Ebè gígùn ló dára jù lẹ́yìnkùlé: kí gíga rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40, ìyẹn bí ìgbọ̀nwọ́ kan tí kò pé tán, kí àárín ebè kan sí èkejì sì tó mítà kan. Mítà kan yẹn lè dà bí ìfiṣòfò fún ẹni tí àyè rẹ̀ kéré, àmọ́ inú aporo yẹn ni ilẹ̀ tí ẹ ó máa kó sókè ti ń wá. Aporo tóóró kò ní ilẹ̀ tí ẹ lè kó. Ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ha ẹ̀gbẹ́ ebè, ibẹ̀ sì ni gbòǹgbò wà.

Ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Ilẹ̀ pupa ti Kétu àti apá òkè Àjàṣẹ́, tí àwọn oníṣẹ́ àgbẹ̀ tó kàwé Faransé ń pè ní terre de barre, iyanrìn ló pọ̀ lójú rẹ̀, amọ̀ ló ń pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń wa á lọ sísàlẹ̀. Tó bá rin, ó rọrùn fún ọkọ́. Tó bá gbẹ, ó le, ó sì ń là. Iyanrìn etí ọ̀sà ní Àjàṣẹ́ kì í là tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ òjò ńlá kan ṣoṣo lè fọ orí ebè lọ kí ọmọ sì yọ orí síta. Ní Ṣábẹ, òkúta wẹ́wẹ́ ni ìyọnu; ẹ ṣà á kúrò nígbà tí ẹ bá ń kọ ebè, torí gbòǹgbò tó bá forí sọ òkúta á wọ́.

Okùn tí ẹ ó gbìn, orí ìtàkùn ni kí ẹ ti gé e, kì í ṣe ìdí. Kòkòrò tí mo ń sọ yìí, ìdí ìtàkùn tó ti gbó ló máa ń yé ẹyin sí, nítorí náà ẹni tó bá gbin ìdí ìtàkùn ti gbin ọ̀tá rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Kí okùn kan tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, kó ní oríkèé márùn-ún ó kéré tán. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, ẹ rì í ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí oríkèé mẹ́ta ó kéré tán wọlẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 30 síra wọn. Ebè tó gùn tó mítà 10 á gba okùn bíi 33.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ ó kó ilẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkarùn-ún. Ìtàkùn á ti máa nà nígbà náà, àmọ́ kò tíì bo ilẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ kejì òjò, nígbà tí ilẹ̀ rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lẹ̀ mọ́ ọkọ́. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un: tó bá di ìṣù tó sì fọ́ nígbà tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ti tó. Tó bá ń yọ̀ bí ọṣẹ, ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀la, torí amọ̀ tí a tẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀dùnkún nígbà tó tutù jù á gbẹ di páálí, afẹ́fẹ́ ò ní wọlé, gbòǹgbò á sì tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pẹ́ńsùlù.

Ẹ ro koríko ná. Àwọn kan máa ń kó ilẹ̀ bo koríko láàyè kí iṣẹ́ lè yá. Lọ́sẹ̀ méjì, koríko á ti gba inú ilẹ̀ yọ padà, gbòǹgbò rẹ̀ á sì ti lọ́ mọ́ ti ọ̀dùnkún. Lẹ́yìn náà ẹ ká ìtàkùn sí apá kan pẹ̀lú ọwọ́, ẹ fi ọkọ́ fa ilẹ̀ láti ìsàlẹ̀ aporo wá sókè. Láti ìsàlẹ̀ aporo ni mo wí. Ojú ọkọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀gbẹ́ ebè ju ìka méjì lọ. Ilẹ̀ tó tó sẹ̀ǹtímítà 5 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti tó, kí èyí tó wà ní ìdí ìtàkùn gan-an jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tàbí ẹ̀yìn ọkọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Kí orí ebè rí rogodo, kí omi má baà dúró níbẹ̀. Ẹ wá dá ìtàkùn padà sí ipò tó wà, kí ewé kọjú sókè. Ìtàkùn tí a dojú rẹ̀ dé á fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣe iṣẹ́ yíyí ewé padà dípò kó máa bọ́ ọmọ.

Fún ebè mítà 10, ilẹ̀ tí iṣẹ́ yìí ń gbà tó nǹkan bíi garawa 15 tó gba lítà 20 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Tí aporo yín ò bá lè mú un wá, ẹ lè bù láti ibòmíràn, àmọ́ ẹ má ṣe bù ú láti ibi tí ọ̀dùnkún wà lọ́dún tó kọjá. Inú ilẹ̀ yẹn ni àwọn kòkòrò ń dúró sí nínú àfọ́kù ọmọ tí a kò wa tán. Ẹ má sì da ìgbẹ́ adìyẹ tútù mọ́ ọn. Ìgbẹ́ tútù ń jó gbòǹgbò, ó sì ń mú kí ìtàkùn bẹ́ sí ewé. Ẹ ó rí ọgbà tútù yọ̀yọ̀ tí ẹni tó ń kọjá á máa yìn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò ní nǹkan kan. Ilẹ̀dú tó ti jẹrà dáadáa ló dára. Eérú ìdáná náà dára, ẹ̀kúnwọ́ kan fún ìdí méjì, kí ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ kí ẹ tó kó o. Ohun tó wà nínú eérú yẹn ni ọ̀dùnkún fi ń sanra.

Ọ̀sẹ̀ keje sí ìkẹjọ ni ìgbà kejì. Bákan náà ni iṣẹ́ rẹ̀, ó kàn ń fẹ́ sùúrù sí i, torí gbòǹgbò ti dé ẹ̀gbẹ́ ebè. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ọkọ́ kọ́. Láti ìgbà yẹn títí di ọjọ́ wíwa, ọwọ́ nìkan ló gbọ́dọ̀ wọ ebè.

Iṣẹ́ ọwọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ṣe, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jù. Láti bí ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án lọ, ẹ máa yí ebè wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Tí òjò bá dá, kó di ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ ká ìtàkùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ wo orí ebè àti ìdí ìtàkùn kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá là, tí ìka kékeré lè wọ̀, ẹ dí i. Ilẹ̀ gbígbẹ tí ẹ ti fọwọ́ rún kúnná ni kí ẹ fi dí i, kí ẹ jẹ́ kó dà wọ inú ihò títí dé ìsàlẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí ẹ tún fi ilẹ̀ gbígbẹ bò ó lórí. Ẹni tó bá fi amọ̀ tútù rẹ́ ẹ bí ìgbà tí à ń rẹ́ ògiri kò ṣe nǹkan kan. Tí amọ̀ bá ń gbẹ, ó ń sún kì, ihò tuntun á sì ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Lórí ilẹ̀ pupa, ẹ pò iyanrìn mọ́ ọn, ìdá kan iyanrìn sí ìdá méjì ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi koríko gbígbẹ tó nípọn tó ìka mẹ́rin bo orí rẹ̀, kí oòrùn má baà là á mọ́. Tí ikán bá pọ̀ ládùúgbò yín, ẹ má jẹ́ kí koríko náà kan ìdí ìtàkùn, ẹ sì máa ṣí i wò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ihò kékeré bẹ́ẹ̀ fi ń ba oṣù mẹ́rin jẹ́. Àgbà kòkòrò yìí kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan, ó jọ èèrà ńlá, ó ní ẹnu gígùn níwájú. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á ṣe bí ẹni pé ó ti kú. Kò lágbára láti gbẹ́ ilẹ̀ lọ jìnnà. Ọ̀nà tó ti ṣí ló ń wá. Tó bá dé ara ọ̀dùnkún, á fẹnu lu ihò, á yé ẹyin kan síbẹ̀, á fi ìgbẹ́ rẹ̀ dí i, á tún lọ lu òmíràn. Ọmọ rẹ̀, ìdin funfun tí kò lẹ́sẹ̀, á máa jẹ lọ nínú. Láti ẹyin di àgbà, ó gba nǹkan bí oṣù kan péré nínú ooru wa, tó fi hàn pé kòkòrò tó wọlé ní oṣù kẹta ọ̀dùnkún á ti ní ọmọ tó ti dàgbà kí ẹ tó wa á. Ìkorò tí ẹ ń tọ́ wò kì í ṣe ti kòkòrò. Ọ̀dùnkún fúnra rẹ̀ ló ń pèsè oje kan láti fi jà, oje náà sì ní májèlé. Gígé ibi tó bàjẹ́ kúrò kò tó, síse kò sì mú un kúrò. Ẹ má ṣe fún ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ewúrẹ́. Ẹ wa kòtò tó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan ààbọ̀, ẹ sin ín, tàbí kí ẹ sun ún. Èyí tí ẹ bá jù sí orí ààtàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ẹ ti fi ránṣẹ́ sí ti ọdún tó ń bọ̀.

Àwọn ìtàkùn ìgbẹ́ kan tún wà lára ọgbà, tí òdòdó wọn rí bíi fùnẹ́ẹ̀lì, tó jọ ti ọ̀dùnkún gan-an. Ẹbí kan náà ni wọ́n, kòkòrò náà sì ń gbé lára wọn nígbà tí kò bá sí ọ̀dùnkún. Ẹ fà wọ́n tu.

Ọ̀dùnkún òjò àkọ́kọ́, tí a gbìn ní bí oṣù kẹrin, ìṣòro rẹ̀ ni kí òjò má fọ ebè. Ti òjò kejì, tí a gbìn ní oṣù kẹsàn-án, oṣù kejìlá àti oṣù kìíní ló ń bá a nínú ilẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ ti dé tí ilẹ̀ ń là lójoojúmọ́. Òun ló nílò ọwọ́ jù. Ní Ṣábẹ, níbi tí òjò méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ papọ̀ di ọ̀kan, ẹ ka oṣù mẹ́rin sẹ́yìn láti ìgbà tí òjò máa ń parí, kí ẹ gbìn ín nígbà yẹn.

Ní ti ọ̀dùnkún òyìnbó

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ilẹ̀ wa kò bá a lára mu. Ọmọ rẹ̀ ń fẹ́ kí ilẹ̀ wà láàárín dígírì 15 sí 20; tí ilẹ̀ bá ti ń sún mọ́ 30, ewé nìkan ló kù. Ìdí nìyí tí a fi ń rí i ní Malanville, létí odò Ọya lókè lọ́hùn-ún, níbi tí òru ọyẹ́ ti ń tutù dáadáa, tó fi ṣòro ní Àjàṣẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò ní Kétu tàbí Ṣábẹ, ẹ gbìn ín ní ìparí oṣù kọkànlá, kí ọyẹ́ lè bá a ní kékeré, kí ẹ má sì retí púpọ̀.

Ẹ gbin ọmọ tó ti hù, tó wọ̀n tó gíráàmù 40 sí 50, sínú ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10. Tí igi bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ẹ kó ilẹ̀ bò ó dé ìdajì, kí orí rẹ̀ yọ síta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ẹ tún un ṣe, títí ebè á fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30. Ó tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń to táyà mọ́tò lérí ara wọn tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí i títí á fi ga tó ènìyàn ń fi agbára ṣòfò. Ìsàlẹ̀ níbi tí ẹ gbìn ín sí ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń wà, táyà dúdú tún ń gba oòrùn wọlé fún ilẹ̀. Koríko gbígbẹ lórí ebè ló dára ju ìyẹn lọ, torí ó ń mú ilẹ̀ tutù.

Ilẹ̀ orí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣí, torí ìmọ́lẹ̀ ń sọ ọmọ rẹ̀ di aláwọ̀ ewé. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, májèlé ti pọ̀ níbẹ̀: ó ń mú inú run, ó ń mú ènìyàn bì, síse kò sì pa á. Bíńtín tó wà lára èèpo, ẹ bó o jinlẹ̀. Tí àwọ̀ ewé bá ti wọ inú, ẹ dà á nù, ní pàtàkì tí ọmọdé bá wà nílé.

Ẹ má gbìn ín síbi tí tòmátì, ata tàbí ikàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Àìsàn kan náà ló ń pa gbogbo wọn, igi á rọ lọ́sàn-án nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, ewé á sì wà ní tútù. Láti mọ̀ ọ́n dájú, ẹ gé ìdí igi, ẹ fi ojú ibi tí ẹ gé bọ omi mímọ́ nínú ife, ẹ mú un dúró láìmì. Tí okùn funfun bíi wàrà bá ń ṣàn jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, òun ni. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Ẹ fà á tu pẹ̀lú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, ẹ gbé e jìnnà, ẹ fọ ọkọ́ kí ẹ tó kan igi mìíràn.

Wíwa ọ̀dùnkún tiwa

Oṣù mẹ́rin ni púpọ̀ nínú èyí tí à ń gbìn fi ń gbó. Ẹ wa ọ̀kan wò, ẹ gé e. Tí oje ojú ibi tí ẹ gé bá gbẹ ní funfun, ó ti gbó; tó bá ń dúdú, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Tó bá ti gbó, ẹ wa gbogbo rẹ̀. Àṣà fífi í sílẹ̀ nínú ebè kí a máa wa á díẹ̀díẹ̀ dára nígbà tí òjò ń rọ̀, àmọ́ nínú ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá lò sí i nínú ilẹ̀ ń fi ihò kún un. Tó bá di dandan kí ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀, ẹ gé ìtàkùn rẹ̀ kúrò ní ìdí, kí ẹ wá kó ilẹ̀ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 bò ó, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí ẹ sì máa yí i wò bíi ti tẹ́lẹ̀.

Èyí tí ẹ wa, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ tò ó sábẹ́ ìbòòji tó gbóná, ẹ fi àpò bò ó fún ọjọ́ mẹ́rin sí méje kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lè jiná, kí ẹ tó kó o sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣa gbogbo àfọ́kù àti gbòǹgbò tó kù nínú ebè, ẹ tú ebè náà ká, kí ẹ sì gbin àgbàdo tàbí ẹ̀pà síbẹ̀ lójò tó ń bọ̀.